Ta Ló Pe Leonardo Ní Ọ̀lẹ? Bí Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn Ṣe Dé Ara Ògiri Milan

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ilé onígbàgbọ́ la ti máa ń rí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn: Jésù láàárín, ọmọ-ẹ̀yìn mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, tábìlì gbọọrọ níwájú wọn. Ojúlówó rẹ̀ kò ṣeé gbé kọ́ síbì kankan, torí ara ògiri ló wà, nínú yàrá ìjẹun àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Dominican, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ní ilé ìsìn Santa Maria delle Grazie, ìlú Milan, ní Ítálì. Ó fẹ̀ tó mítà 8.8, ó sì ga tó mítà 4.6. Leonardo da Vinci ló yà á, láàárín nǹkan bí 1495 sí 1498, àwọn kan sì ní ọ̀lẹ ló mú kó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Ohun tó dájú ni pé Ludovico Sforza, tó ń ṣàkóso Milan, ló gbé e fún un. Àmì ìdílé rẹ̀ ṣì wà lókè àwòrán náà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èrò bó ṣe máa yà á ti wà lọ́kàn Leonardo kó tó kúrò nílùú Florence. Ní 1480, ayàwòrán Ghirlandaio ya Oúnjẹ Alẹ́ tirẹ̀ sí yàrá ìjẹun ilé ìsìn Ognissanti nílùú náà, Leonardo sì ṣì ń gbé ibẹ̀. Nínú ìyẹn, Júdásì nìkan ló jókòó sí òdìkejì tábìlì, bí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kí Leonardo ti dúró níwájú ògiri yẹn kó mi orí. Bí gbogbo ayé bá ti mọ ọ̀dàlẹ̀, kí wá ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń béèrè sí pé, "Olúwa, èmi ni bí?"

Leonardo ní tirẹ̀ mú Júdásì wọ àárín àwọn yòókù, àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "ọ̀kan nínú yín yóò fi mí hàn" ni, tábìlì sì ti dàrú. Tómásì na ìka sókè, Fílípì fọwọ́ sáyà, Pétérù di ọ̀bẹ mú. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ Jésù fúnra rẹ̀: ọ̀kan ń lọ síbi búrẹ́dì, èkejì síbi wáìnì. Ìdàlẹ̀ àti májẹ̀mú ló wà nínú àwòrán kan náà, ẹni tó bá mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì wò ó dáadáa. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan ní ń ka Ìwé Mímọ́ sí wọn létí bí wọ́n ti ń jẹun. Tábìlì orí ògiri yìí wá di ọ̀kan kún tiwọn. Ní ti àwọn tó ń pariwo pé obìnrin ni Jòhánù tó jókòó ti Jésù nínú àwòrán náà, àwọn ayàwòrán Florence ti ń yà á ní ọ̀dọ́ tí kò nírùngbọ̀n tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Giorgio Vasari, ayàwòrán tó tún kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán Ítálì, ló fi ẹ̀sùn ọ̀lẹ rìn. Ìwé rẹ̀ ti 1550 sọ pé olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ń yọ Leonardo lẹ́nu ṣáá, ó sì fẹjọ́ rẹ̀ sun Ludovico. Leonardo ní òun kò tíì rí ojú tó burú tó ti Júdásì, àti pé bí òun kò bá rí òmíràn, òun á lo ti olórí náà. Ìtàn ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n 1511 ni wọ́n bí Vasari. Ẹlẹ́rìí tèmi ni òǹkọ̀wé Matteo Bandello, tó wà nílé náà lọ́mọdé nígbà tí arákùnrin òbí rẹ̀ jẹ́ olórí ibẹ̀. Ó ní Leonardo a máa gun àkàbà láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìjẹ, láìmu, láìgbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lè kọjá tí kò ní fọwọ́ kan ọ̀dà, síbẹ̀ á wá dúró níwájú iṣẹ́ náà fún wákàtí kan tàbí méjì, á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà mìíràn, lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń mú janjan, á fi ẹṣin amọ̀ ńlá tó ń mọ fún Ludovico sílẹ̀, á rìn wá, á fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á sì tún bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀lẹ nìyẹn? Irú ìrònú yìí gan-an ló jẹ́ kó kọ ọ̀nà tí gbogbo ayàwòrán ògiri ń gbà ṣiṣẹ́. Ara ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni wọ́n máa ń kun ọ̀dà sí kó tó gbẹ, kò sì sí àyè àtúnṣe. Leonardo jẹ́ kí ògiri gbẹ, ó fi ọ̀dà funfun òjé bò ó, ó sì fi ẹyin àti òróró po ọ̀dà tó lò, kó lè máa padà sí i nígbà tó bá wù ú. Lóṣù kẹfà 1497, Ludovico ṣì ń kọ̀wé kí wọ́n rọ̀ ọ́ kó parí. Nígbà tí 1498 fi bẹ̀rẹ̀, Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò, ti ń kọ nípa iṣẹ́ náà bí èyí tó parí.

Ọ̀nà yẹn náà ló bà á jẹ́. Àwòrán ìkànmọ́ àgbélébùú tí ayàwòrán Montorfano ya sára ògiri tútù ní òdìkejì yàrá náà ní 1495 kò jìyà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ti Leonardo ti ń bó ní 1517. Nígbà tí Vasari fojú ara rẹ̀ rí i ní 1566, àbàwọ́n ló bá níbẹ̀.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1652 wọ́n dá ilẹ̀kùn sí ògiri náà, ẹsẹ̀ Jésù sì bá a lọ. Àwọn ọmọ ogun Napoleon lo yàrá náà bó ṣe wù wọ́n. Bọ́ǹbù wó o ní oṣù kẹjọ 1943, àpò yanrìn ló gba ògiri náà là. Láti 1978 sí 1999, Pinin Brambilla Barcilon àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń ha ọ̀dà àwọn tó ti tún un kùn kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ Jésù, àwòkọ tí ayàwòrán Giampietrino ṣe ní nǹkan bí 1520 ni kó wò. Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní London, ló ni ín.