Ṣé torí pé Linux kò ṣeé lò ní ọ́fíìsì ni Munich fi padà sí Windows?

Láti ìgbà tí Microsoft ti fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà wọn kò kúnjú ìwọ̀n fún Windows 11 ló ti ń rò ó bóyá kí wọ́n gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí wọn dípò kí wọ́n ra tuntun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde nínú ìpàdé, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dárúkọ Munich: ìlú ńlá ní Jámánì tó náwó nára, tó kó gbogbo ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sórí Linux, tó sì tún sá padà. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé Linux kò yẹ iṣẹ́ ọ́fíìsì, àti pé òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ Windows kò lè kọ́ òmíràn mọ́. Òótọ́ ni pé Munich padà, àmọ́ ohun tó fà á yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọdún 2003 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti kúrò lórí Windows NT 4, tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ń lọ sópin nígbà náà, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo máa pinnu ìgbà tí àwọn yóò pààrọ̀ ohun èlò àwọn. Steve Ballmer, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Microsoft lásìkò náà, fúnra rẹ̀ lọ bá Christian Ude, olórí ìlú, láti bá a dúnàádúrà, ṣùgbọ́n ìpinnu náà kò yí padà. Nígbà tí ọdún 2013 fi parí, kọ̀ǹpútà tó lé ní 14,000 ló ti wà lórí LiMux, ìyẹn Linux tí ìlú náà ṣètò fún ara rẹ̀. Ètò tí kò ṣeé lò kò lè gbé iṣẹ́ ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan, áńbọ̀sìbọ́sí ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló wá gba ọdún mẹ́wàá? Ẹ̀ka tó lé ní 20 ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìlú náà, oníkálukú sì ń ṣe é bó ṣe wù ú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòṣe lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù ló wà nílẹ̀, pẹ̀lú macro, ìyẹn àwọn ìlànà kéékèèké tí wọ́n ti kọ sínú Word àti Excel láti máa ṣe iṣẹ́ àṣetúnṣe fún òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní bá èèyàn kọjá sí ibòmíràn láìjẹ́ pé a tún un kọ. Ìlú náà níláti ṣẹ̀dá ètò tirẹ̀ kan, WollMux, kí àwòṣe gbogbo lè wà lójú kan náà. Àwọn ètò àkànṣe kan wà tó jẹ́ pé Windows nìkan ni wọ́n mọ̀, àwọn tó ń bá ìlú náà ṣiṣẹ́ láti ìta sì ń fi fáìlì Word ránṣẹ́, tí tábìlì inú rẹ̀ á dàrú bí wọ́n bá ti ṣí i.

Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí à ń tẹ Yorùbá. Ìwé tí a fi fọ́ńtì àtijọ́ tẹ̀, èyí tó fi àwòrán ẹ àti ọ rọ́pò lẹ́tà mìíràn, máa ń di jákujàku lórí kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ńtì náà, ì báà jẹ́ Windows ni ó wà lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ Linux. Èyí tí a fi Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú Linux láìjẹ́ pé a wá a lọ síbì kan.

Dieter Reiter di olórí ìlú Munich ní 2014, ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́ sì túbọ̀ ń dún sókè. Ní 2016, Accenture, iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn kan, ṣe àyẹ̀wò fún ìlú náà. Lóòótọ́, wọ́n dábàá pé kí ẹ̀ka tó bá fẹ́ Windows lè lò ó, àmọ́ bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú ni wọ́n rí bí ìṣòro tó tóbi jù. Karl-Heinz Schneider, tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú náà, sọ ní gbangba ní 2017 pé òun kò rí ìdí kankan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó fi yẹ kí wọ́n padà. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣì dìbò lọ́dún kan náà pé kí wọ́n padà sí Windows. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí i pé Microsoft kó olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì wá sínú Munich ní 2016. Èmi kò rò pé a nílò ìyẹn kí a tó rí i pé ìpinnu òṣèlú ni.

Ti pé òṣìṣẹ́ kò lè kọ́ ọ, àwọn Gendarmerie, ìyẹn ọlọ́pàá ológun ilẹ̀ Faransé, ti dáhùn rẹ̀. Xavier Guimard, ọ̀gá kan láàárín wọn, ṣàlàyé pé kíkúrò lórí Windows XP bọ́ sí Windows Vista náà yóò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti pé àmì ojú kọ̀ǹpútà àti géèmù ni ìyàtọ̀ tó hàn jù nígbà tí wọ́n kúrò lórí XP bọ́ sí Ubuntu, irú Linux kan, géèmù kò sì sí lára iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi Windows sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n kọ́kọ́ gbé OpenOffice, ètò ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ tí Word àti Excel ń ṣe, wọlé ní 2005, wọ́n fi Firefox, tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, àti Thunderbird, tí a fi ń ka ìmélì, kún un ní 2006, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ubuntu wọlé ní 2008. Nígbà náà, ohun tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò yí padà mọ́. Ní 2024, kọ̀ǹpútà wọn tó wà lórí Ubuntu ti lé ní 100,000.

Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein, ní Jámánì kan náà, ń tọ ọ̀nà yìí báyìí. Ní 2024 ni wọ́n kéde LibreOffice, ètò tó jáde láti ara OpenOffice, fún nǹkan bí 30,000 kọ̀ǹpútà, ní 2025 ni wọ́n kó ìmélì kúrò lọ́dọ̀ Microsoft, Windows fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n fi ṣe ìgbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀.