Bátìrì Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Yan Àpótí fún Irinṣẹ́ Oníbátìrì

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àpótí fún dírílì tàbí ayùn oníbátìrì sábà máa ń gbé irinṣẹ́ náà dání lọ sọ́jà, á wò ó bóyá ó wọ inú àpótí, á sì sanwó. Ọ̀nà yìí tó fún òòlù àti ayùn ọwọ́, nítorí pé kò sí ohun tí òòlù lè fi ara rẹ̀ ṣe nínú àpótí. Ti irinṣẹ́ oníbátìrì yàtọ̀. Agbára iná ń bẹ nínú rẹ̀ yálà ó ń ṣiṣẹ́ tàbí a ti gbé e pamọ́, bátìrì rẹ̀ sì ni ooru, omi àti irin wẹ́wẹ́ tètè máa ń bàjẹ́. Owó tí a fi ń pààrọ̀ bátìrì náà kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, bátìrì ni ó yẹ kí ó pinnu irú àpótí tí a ó rà, kí ara irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bátìrì lithium-ion oní-fólítì 18 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà, àwọn oníná àti àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀, tí wọ́n so tẹ̀ léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 3.6, ló ń di fólítì 18 yẹn. Bí a bá ṣájì wọn kún, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á gòkè dé nǹkan bíi fólítì 4.2, ìdí sì nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi ń kọ 20 sára bátìrì tí kò yàtọ̀ sí ti 18. Bátìrì kékeré, oní 1.5 tàbí 2 Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), sábà máa ń ní ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Oní 4 tàbí 5 Ah sábà máa ń ní ìlà méjì, sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá lápapọ̀, ó sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àpótí ti ń já oníṣẹ́ kulẹ̀. Bátìrì kékeré tí wọ́n tà mọ́ dírílì ni ilé iṣẹ́ wọ̀n kí wọ́n tó ṣe kòtò sínú àpótí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá ra bátìrì ńlá, ìdérí kò ní í pa dé mọ́, tàbí kí ó di pé ó ń fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí ó tó lè dé e.

Ó dára, nígbà náà, kí a fi bátìrì tó tóbi jù lọ́wọ́ wa wọn àpótí, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́nu irinṣẹ́ lọ́jọ́ tí a lọ sọ́jà. Kí a sì tún rántí pé kò yẹ kí bátìrì wà lẹ́nu irinṣẹ́ nígbà tí a bá gbé e pamọ́. Ìlànà ààbò tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ìwé ìlò irinṣẹ́ wọ̀nyí sọ ọ́ kedere pé kí a yọ bátìrì kí a tó fi irinṣẹ́ pamọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí ṣájà tàbí irin ẹ̀gbẹ́ dírílì bá ń fara ti ibi tí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ sì ń fò lórí kòtò, mọ́tò á máa fẹ́ yí níbi tí kò ti sí àyè láti yí, ooru á sì máa pọ̀ sí i nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ọ̀pọ̀ dírílì ní ìdábùú kékeré tí a fi ń yan yíyí síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí a bá fi í sí àárín gbùngbùn, ibi títẹ̀ náà kò ní í ṣeé tẹ̀. Ó yẹ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi rọ́pò yíyọ bátìrì. Àpótí tó dára ní àyè ọ̀tọ̀ fún ara irinṣẹ́, ọ̀tọ̀ fún bátìrì méjì ó kéré tán, àti ọ̀tọ̀ fún ṣájà pẹ̀lú wáyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin wẹ́wẹ́ ni àwọn olùrà kì í sábà rò rárá. Bí a bá tú báàgì ọmọ iṣẹ́ káfíńtà wò, ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra: ìṣó mélòó kan tó ṣẹ́kù, skúrù tí orí rẹ̀ ti jẹ, ẹnu dírílì tí wọ́n fi ń lu ògiri, àti bátìrì tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Ìwé ìlò ilé iṣẹ́ Makita, tó ń ṣe irinṣẹ́ oníbátìrì, dárúkọ ìṣó àti owó ẹyọ lára àwọn ohun tí kò yẹ kó bá bátìrì gbé inú àpótí kan. Owó ẹyọ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ará Nàìjíríà mọ́, ṣùgbọ́n ìṣó kò wọ́n. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu bátìrì kò jìnnà síra, nítorí náà bí ìṣó kan bá dábùú, tí ó kan èyí tí iná ń gbà jáde àti èyí tó ń gbà padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, iná á gba inú ìṣó yẹn kọjá láìsí ohun tó ń dá a dúró. Ṣọ́ọ̀tì nìyẹn: ìṣó á gbóná, ike ẹnu bátìrì lè yọ́, bí ọ̀ràn bá sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì lè gbiná. Àwọn bátìrì kan ní irin ẹnu tó rì sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kí èyí má baà rọrùn, síbẹ̀ skúrù tín-ín-rín ṣì lè wọ inú ihò bẹ́ẹ̀, irin lẹ́búlẹ́bú tí gíráńdà ń tú jáde sì lè kó síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àpótí aláyè kan ṣoṣo, bó ti wù kí ó lágbára tó, kò fi dára fún ẹni tó ń kó skúrù àti bátìrì lọ síbi iṣẹ́ pọ̀. Kí ó wá èyí tó ní àwo kékeré lókè pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀, tàbí kí ó ya àpótí skúrù sọ́tọ̀ pátápátá. Ìdérí ike pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi bo ẹnu bátìrì tuntun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jù sí pàǹtírí, ni kí a tọ́jú.

Ooru ló kàn. Ìwé ìlò Makita yìí kan náà sọ pé kí a má ṣe fi irinṣẹ́ àti bátìrì pamọ́ síbi tí ooru lè dé díígírì 50 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ẹnì kan lè sọ pé ooru bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tí a tì, tí a sì fi sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lè kọjá ibẹ̀. Àpótí irin tí wọ́n kùn ní dúdú lórí páànù ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́ kò sì sàn jù ú lọ. Kò sí àpótí kankan nínú èyí tí à ń sọ yìí tó lè mú bátìrì tutù. Ohun tí ike tó nípọn àti fóòmù lè ṣe kò ju pé kí wọ́n fa ìgbà tí ooru yóò wọlé sẹ́yìn lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fa ìgbà tí yóò jáde sẹ́yìn. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ayùn wá, tó ṣì ń jó ọwọ́, tí a wá tì bọ inú kòtò fóòmù tó fún un mọ́ra, á pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó tutù. Kí a jẹ́ kí ó fẹ́ atẹ́gùn ná. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí a ṣájì bátìrì nínú àpótí tí a pa dé, bí àyè tilẹ̀ wà fún wáyà láti gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ní ti omi àti eruku, àwọn àpótí olówó ńlá máa ń ní àmì IP lára, tí wọ́n fà yọ látinú ìlànà àgbáyé IEC 60529, láti fi sọ bí àpótí ṣe ń dènà eruku àti omi tó. Nọ́mbà àkọ́kọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 6, ń sọ bí nǹkan líle àti eruku ṣe lè wọlé tó. 6 dúró fún pé eruku kò wọlé rárá. Nọ́mbà kejì jẹ́ ti omi: 4 jẹ́ ti omi tó ń ta sí i láti ìhà gbogbo, 5 jẹ́ ti omi tí a fi ẹnu páìpù tú lù ú. Àpótí IP65 yóò bọ́ nínú eruku ọyẹ́ àti òjò àárín ọdún, IP54 náà yóò sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè la inú àgbàrá já nínú méjèèjì, nítorí pé orí 7 ni ti rírì sínú omi ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí ìdérí ká ni gbogbo agbára yìí rọ̀ mọ́. Bí ó bá ya tàbí tí iyẹ̀ igi bá lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́mbà tí wọ́n kọ sára àpótí ti di ọ̀rọ̀ àná.

Rọ́bà yìí kan náà ní ewu tirẹ̀. Bí kò ṣe jẹ́ kí omi òde wọlé ni kò ní í jẹ́ kí omi inú jáde. Dírílì tí òjò pa níbi iṣẹ́, tí wọ́n nù ní ìdajì, tí wọ́n sì tì mọ́ inú àpótí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún lẹ́nu kí wọ́n tó tún ṣí i. Ní ìlú tó kún fún ọ̀rinrin bíi Èkó, àpótí tí kò sé pátápátá, tí a fi sínú ilé, sàn fún ẹni tí kì í sábà gbé irinṣẹ́ jáde ju èyí tó sé pinpin lọ. Ẹni tó bá ra èyí tó sé kí ó máa gbẹ irinṣẹ́ kí ó tó kó o wọlé, kí ó sì fi àpò kékeré silica gel tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sí igun kan. Tí ó bá ti mu omi yó, kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Oríṣi àpótí tó wà lọ́jà kò pọ̀ bí àwọ̀ wọn ṣe mú kí ó dà bíi pé wọ́n pọ̀. Àpótí ike onípele méjì, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù, ni ọ̀pọ̀ dírílì Ingco àti Total máa ń bá wọ ọjà wa: ó fúyẹ́, ó ń gba ìkọlù mọ́ra, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀, hínjì rẹ̀ tó jẹ́ ike lásán ló sì máa ń kọ́kọ́ kán. Báàgì aṣọ líle rọrùn láti gbé kọ́ èjìká, kò sì ń pariwo, àmọ́ bí ó bá bọ́ lórí àtẹ̀gùn, irinṣẹ́ inú rẹ̀ ló ń fi ara gba ìyà náà. Àpótí irin le fún olè láti fọ́, ó wúwo, ó ń gbóná, ó sì jẹ́ irin fúnra rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnu bátìrì tí a kò bò kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó kù ni àpótí tí a lè tò léra tí wọ́n sì ń há mọ́ ara wọn. Ilé iṣẹ́ Tanos ní Jámánì ló mú Systainer jáde ní 1993. Ìdí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 396 sí 296, Makita sì ṣe Makpac tirẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn kí wọ́n lè bára mu. L-Boxx, tí Bosch àti Sortimo jọ ṣe, jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 442 sí 357 ní ìdí, nítorí náà kò lè há mọ́ Systainer. Packout ti ilé iṣẹ́ Milwaukee, tó jáde ní 2017, ní ọ̀nà ìháramọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ra àkọ́kọ́ nínú irú àpótí yìí ti yan ilé iṣẹ́ tí yóò máa ra lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, owó wọn kò sì kéré. Fún ẹni tó ní dírílì kan àti gíráńdà kan, ìnáwó tí kò pọn dandan ni. Ẹni tó ní irinṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó wọn kiri, ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Marúwá tàbí ọ̀kadà ló ń gbé e láti ṣọ́ọ̀bù dé ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ro ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ńlá nínú wọn, kí a tó kó nǹkan kan sí i, wúwo ju dírílì tí wọ́n fẹ́ gbé lọ.

Àwọn ará wa tó ń mú irinṣẹ́ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ní ìṣirò kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó di àpótí. Fólítì ní ìlọ́po Ah ló ń fúnni ní Wh, ìyẹn àpapọ̀ agbára tó wà nínú bátìrì: bátìrì 18 oní 5 Ah jẹ́ 90, oní 6 Ah jẹ́ 108. Èyí tí kò kọjá 100 kò nílò ìyọ̀ǹda láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti ibẹ̀ dé 160, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Bátìrì tí kò sí lẹ́nu irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń mú un lọ, pẹ̀lú ẹnu tí a bò. Nítorí náà, àpótí tí a fẹ́ fi rìnrìn àjò kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí yóò túká nínú bí bátìrì kò bá sí níbẹ̀ láti di irinṣẹ́ mú.

Àpótí tòkunbọ̀ dára fún ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Kí ó kọ́kọ́ ṣí ìdérí kí ó sì pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìkọ́ tó bá ń fò jáde fúnra rẹ̀ kò ní í sàn sí i. Ike tí ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀fun, tó sì ń yọ ìyẹ̀fun sọ́wọ́, oòrùn ti jẹ ẹ́, yóò sì sán bí ó bá bọ́ lulẹ̀. Fóòmù rírọ̀ tó ń mu omi máa ń gbó, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ojú ihò tí mọ́tò ń gbà mí; bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí kò padà sípò, ṣe ni kí a yọ ọ́ dànù, kí a gé tuntun látinú èyí tí kì í fa omi. Kí ó wá gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó pa á dé, kí ó gbé e nílẹ̀, kí ó sì mì ín. Bí ohun kan bá dún nínú rẹ̀, kí ó wò ó bóyá bátìrì ni, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó rẹ̀.