Kí ló dé tí àyà wa ń já bí a bá rí ọlọ́pàá?

Ìbéèrè: N kò jalè, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Síbẹ̀, bí mo bá rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe ni àyà mi ń já. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ilé la ti kọ́ ọ. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, a ó ní, “Màá pe ọlọ́pàá fún ẹ o!” Ọmọ á sì gbé àmàlà mì pẹ̀lú omijé lójú. Ẹni tí a fi dẹ́rù ba ọmọ láti kékeré, báwo ni yóò ṣe fọ̀yàyà kí i bó bá dàgbà? Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ọgbẹ́ wà lára ìlú wa yìí. Ní 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n fi tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ìbọn ba Jimoh Isiaq, ó sì kú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú SARS ká. Ẹ má bínú sí ẹni tí ẹ̀rù ṣì ń bà.

Ìbéèrè: Ṣé ọlọ́pàá lè tì mí mọ́lé torí gbèsè?

Ìdáhùn: Rárá, bí kò bá ti sí jìbìtì nínú rẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 ní a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí ọ̀rọ̀ owó tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ mú ìyá dípò ọmọ tó sá lọ.

Mo sin ìyá kan ládùúgbò wa, tó ń ta láfún, lọ sí tésàn nígbà kan. Ẹni tó yá a lówó ló pe ọlọ́pàá sí i. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n débi pé kò lè tú owó tó so mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Sájẹ́ǹtì tó wà ní kàńtà bọ́ fìlà, ó fa bẹ́ǹṣì fún un. “Ẹ jókòó, ìyá. Ẹnikẹ́ni ò ní tì yín mọ́lé torí gbèsè.” Ó yíjú sí olówó: “Ẹ̀gbọ́n, kóòtù ni kí ẹ gbé e lọ.” Títí dòní, bí ìyá bá rí sájẹ́ǹtì náà lọ́jà, “ọmọ mi” ló ń pè é. Irú ọ̀wọ̀ tó yẹ kó wà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú nìyẹn.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá wá mú mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Òfin ilẹ̀ wa ọdún 1999, abala 35, ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé ọ. Bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé ọ débẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ẹ̀sùn tó lè mú ikú dání. Kóòtù sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bẹ́ẹ̀lì tésàn, ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè: Àwa ará ìlú ńkọ́? Ṣé a ò jẹ̀bi nǹkan kan ni?

Ìdáhùn: A jẹ̀bi. A máa ń bú ọlọ́pàá. Àwọn míì láàárín wọn, láti Benue tàbí Kano ni wọ́n ti gbé wọn wá. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ẹni tó ń bú wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè béèrè orúkọ ọlọ́pàá?

Ìdáhùn: O lè béèrè. Ó wà láyà aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́ kí i, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” kó o tó béèrè.