Ojú irin kò wá bá ìlú: ìpìlẹ̀ àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ pápá Saskatchewan

Ẹni tó bá wakọ̀ la ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà kọjá yóò rí àwọn ìlú kéékèèké tó tò lẹ́bàá ojú irin, tí ọ̀kan sábà máa ń fi nǹkan bí máìlì 7 sí 10 jìnnà sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n ti tẹ àwọn ìlú wọ̀nyí dó tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ rélùwéè tó gbọ́ ìró wọn, tó sì wá la ojú irin gba ọ̀dọ̀ wọn. Kò yani lẹ́nu bí Yorùbá bá rò bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a mọ̀ nílé nìyẹn: Ìbàdàn ti di ìlú ńlá kí ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó wọ ibẹ̀ ní 1901, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo náà kò sì dúró de rélùwéè kí wọ́n tó ní ọba àti ọjà. Ní ilẹ̀ pápá Kánádà, ilé iṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀ ló dá èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìlú náà sílẹ̀, tó sì tà wọ́n ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì.

Orúkọ wọn ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ilé iṣẹ́ Grand Trunk Pacific, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903, to orúkọ àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ti Melville forí lé ìwọ̀ oòrùn, a óò kan Fenwood, Goodeve, Hubbard, Ituna, Jasmin, Kelliher àti Lestock. Nígbà tó bá yá, a óò dé Watrous, Xena, Young àti Zelma, a óò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti Allan, Bradwell àti Clavet. Orí tábìlì ọ́fíìsì nìkan ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Melville fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ Charles Melville Hays, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, ẹni tó bá ọkọ̀ Titanic lọ ní oṣù kẹrin ọdún 1912.

Bí wọ́n ṣe jìnnà síra náà ní ìdí. Àgbẹ̀ tó gbin àlìkámà ní láti fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà kó o dé ilé ìkó-ọkà gíga tó wà lẹ́bàá ojú irin, kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹsẹ̀ ẹṣin ló wọn ọ̀nà láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ní nǹkan bí máìlì 120 sí 140 síra wọn, wọ́n yan ìlú kan tí wọ́n ti ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì ti ń tún ẹ̀ńjìnnì ṣe. Melville jẹ́ ọ̀kan, Watrous jẹ́ òmíràn, ìyẹn ni wọ́n fi tóbi ju àwọn aládùúgbò wọn lọ.

Ibi tí ìlú ti wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí ti lágbára jù. Ọdún 1876 ni wọ́n ti yan Battleford ṣe olú ìlú North-West Territories, agbègbè ńlá tí Saskatchewan wà nínú rẹ̀ nígbà náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń retí pé ilé iṣẹ́ rélùwéè Canadian Pacific yóò gba ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1881, ilé iṣẹ́ náà yí ọ̀nà rẹ̀ sí gúúsù, nígbà tó sì di 1883, wọ́n gbé ipò olú ìlú lọ sí Regina, ibi tí wọ́n ń fi òkìtì egungun ẹfọ̀n pè tẹ́lẹ̀, tí Edgar Dewdney, gómìnà tó yàn án, sì ní ilẹ̀ tirẹ̀ nítòsí. Nígbà tí rélùwéè mìíràn, Canadian Northern, dé agbègbè náà ní 1905, òdìkejì odò ló gbà, ó sì dá ìlú tuntun kan sílẹ̀ níbẹ̀, North Battleford, tí èrò inú rẹ̀ lónìí tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti Battleford. Ó jọ ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n ìṣirò owó ni: ibi tí ìlú bá ti wà, ilẹ̀ ti ní onílẹ̀, ṣùgbọ́n ní pápá gbalasa, ilé iṣẹ́ lè ra ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀, kí ó sì tà á ní ọ̀wọ́n.

Àwọn abúlé tí ojú irin fi máìlì díẹ̀ yẹ̀ sílẹ̀ kò sì jókòó ṣọ̀fọ̀. Bí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, wọ́n a gbé ṣọ́ọ̀bù àti ilé onípákó wọn ka orí igi gbọọrọ, wọ́n a sì fi ẹṣin wọ́ ọ lọ sí etí ojú irin. Ìlú ló lọ bá rélùwéè.

(Pápá gbalasa yẹn kò ṣàìní onílẹ̀. Àwọn Cree àti Saulteaux, ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bá ìjọba fọwọ́ sí Àdéhùn Kẹrin lórí ilẹ̀ náà ní 1874, ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àwọn ọmọ wọn ṣì wà nítòsí Punnichy àti Lestock.)

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń ṣèpalára ni ìgbà tí a bá ń sọ pé ìlú wọ̀nyí dìdàkudà nítorí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ ilé. Ohun tó fa ìdásílẹ̀ wọn ló tán. Mọ́tò akẹ́rù rọ́pò ẹṣin, ọ̀nà máìlì 10 sì di ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gba ipò ti ooru omi ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ ọkà sì wó àwọn ilé ìkó-ọkà onípákó láti kọ́ ńláńlá díẹ̀ dípò wọn. Ọkọ̀ èrò tó ń ti Toronto lọ sí Vancouver ṣì máa ń dúró ní Melville àti Watrous. Ní Ituna àti Kelliher, ńṣe ló ń kọjá.