Kí Là Ń Pè Ní Ọ̀nà? Bí Ipa Táyà Ṣe Ń Pinnu Aginjù Utah

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni èyí tó ju ìdajì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Utah lọ. Lórí ilẹ̀ yìí ni àwọn tó ń fi alùpùpù àti jíìpù gbafẹ́ láàárín àpáta pupa ti ń bá àwọn tó fẹ́ kí aginjù pa rọ́rọ́ fa ọ̀rọ̀. Bí a bá tú ìjà náà palẹ̀, ìbéèrè kan ló wà nídìí rẹ̀: kí là ń pè ní ọ̀nà?

Òfin Aginjù tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1964 ló mú kí ìbéèrè náà wúwo. Ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan ló lè fi ilẹ̀ sábẹ́ òfin yìí. Bí wọ́n bá ti fi í síbẹ̀, mọ́tò àti alùpùpù ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bí igi bá wó dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ayùn tí ènìyàn méjì ń fà ni àwọn òṣìṣẹ́ sábà fi ń rẹ́ ẹ, torí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí òfin kọ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìlera nìkan ni kò sí ìdènà fún, ti pàjáwìrì ẹ̀mí ènìyàn sì ní àyè tirẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó dé iwájú aṣòfin, wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin 1976 pàṣẹ fún BLM, àjọ tó ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, pé kó wá ibi gbogbo tó tó 5,000 éékà tí kò ní ọ̀nà nínú. Èyí tó bá yege, a ò gbọdọ̀ bà á jẹ́ títí aṣòfin yóò fi dá sí i. Ìjábọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin lórí òfin náà sì sọ pé ọ̀nà ni ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tún ṣe, tí wọ́n sì ń tọ́jú. Ibi tó jẹ́ pé táyà nìkan ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀nà kọ́.

Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kan wà, ti 1866, tí wọ́n ń pè ní R.S. 2477. Ó fàyè gba ẹnikẹ́ni láti la ọ̀nà gba orí ilẹ̀ ìjọba. Wọ́n fagi lé e ní 1976, àmọ́ ẹ̀tọ́ tó ti wà ṣáájú kò parẹ́. Ní Utah, ibi tí ará ìlú bá ti gbà fún ọdún 10 láìdáwọ́ dúró ṣáájú 1976 ti di ọ̀nà. Ipa táyà tí òfin kan kò kà sí, òfin kejì sọ ọ́ di ogún. Ní 2012, ìpínlẹ̀ náà gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó ju 12,000 lọ sílé ẹjọ́. Òótọ́ ni pé darandaran àti awakùsà ti ń gba àwọn kan láti ìgbà pípẹ́, ìyẹn sì tọ́ ká bọ̀wọ̀ fún. Àwọn mìíràn, ìsàlẹ̀ odò gbígbẹ lásán ni.

Ìdí tí ipa táyà kan fi ṣe pàtàkì tó báyìí wà nínú iyanrìn. Èèpo dúdú kan bo ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín ló hun ún, òun ló sì ń di iyanrìn mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Táyà kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó fọ́; ẹ̀wádún mélòó kan ló máa gbà kó tó padà bọ̀ sípò. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹlòmíràn á ti rí ipa náà, á sì tẹ̀ lé e.

Ààrẹ Nixon ti pàṣẹ ní 1972 pé kí àwọn àjọ ya ibi tí mọ́tò lè gbà sọ́tọ̀, kí ìpalára sì kéré jọjọ. BLM pín ilẹ̀ sí mẹ́ta: ibi tó ṣí sílẹ̀ pátápátá, ibi tó jẹ́ pé ọ̀nà inú máàpù nìkan ni mọ́tò lè gbà, àti ibi tí a tì pa. Kí máàpù tó dúró, ará ìlú ní àkókò láti sọ tẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ tó ń wúlò jù níbẹ̀ ni ti ẹni tó dárúkọ nọ́ńbà ọ̀nà kan pàtó, tó sì sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí lórí rẹ̀.