Inú Fọ́málìn Ni Kí Ẹ Gbé Ẹran Náà Sí

"Dókítà, ìpele wo ni jẹjẹrẹ náà wà?" Ìbéèrè tí gbogbo mọ̀lẹ́bí mọ̀ nìyí. Ìpele ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè wà ní ìpele kan náà, kí jẹjẹrẹ ìfun ńlá ẹnìkan má padà mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ti ẹnìkejì tàn dé ẹ̀dọ̀. Ìwà kókó náà ló yàtọ̀.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ fẹnu kò lórí oríṣi jẹjẹrẹ ìfun ńlá mẹ́rin, tí wọ́n sọ ní CMS1 dé CMS4. CMS4 ló ń padà wá jù. Ibi ìwádìí ni ìyẹn ṣì pọ̀ sí. Èyí tí àwa dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò ní yàrá àyẹ̀wò ń ṣe lójoojúmọ́ ni ká wò ó bóyá MLH1, PMS2, MSH2 àti MSH6, àwọn purotéènì mẹ́rin tó ń tún àṣìṣe inú jíìnì ṣe, ṣì pé nínú kókó náà. Bí ọ̀kan bá sọnù ní ìpele kejì, ìrètí ìyè pọ̀, fluorouracil, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nìkan kì í sì í ṣe irú wọn lóore. Bó bá ti tàn káàkiri, pembrolizumab, oògùn tó ń jẹ́ kí agbára ara fúnra rẹ̀ bá jẹjẹrẹ jà, ló kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ìwádìí tí Ilé-Ifẹ̀ bá Memorial Sloan Kettering, ilé-ìwòsàn jẹjẹrẹ ní New York, ṣe, tó jáde ní 2021, fi hàn pé irú jẹjẹrẹ tí àtúnṣe jíìnì yìí ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn wa ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹran wo la fẹ́ yẹ̀ wò, bí èyí tí wọ́n gé lára aláìsàn bá ti bàjẹ́? Fọ́málìn 10%, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, nínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò, lójú ẹsẹ̀! Kì í ṣe omi, kì í ṣe fìríìjì. Mo ti rí ti ògógóró rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìfun ìyá rẹ̀ wá nínú ọ̀rá dúdú. Omi dírípù ni ilé-ìwòsàn aládàáni kan rọ sí i. Ìfun náà ti sùn nílé, nítorí alágbo ní kí wọ́n má gbé e fún ẹnikẹ́ni, kí ayé má baà fi ṣe ìyá náà ní nǹkan. Alágbo yìí kan náà ló ń ta agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ìyá tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ látọdún tó kọjá! Òórùn lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi síta. Nígbà tí a fi àwọ̀ àyẹ̀wò kùn ún, kò sí ìkankan nínú purotéènì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó hàn, kódà lára sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àìsàn, níbi tó ti gbọ́dọ̀ hàn. Ẹran ti bàjẹ́. Kò sí ọ̀gá tó lè ka irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, èmi náà kò lè kà á.

Ọmọ náà wá bi mí bóyá àìsàn yìí wà nínú ìran wọn. Àyẹ̀wò purotéènì tí kò ṣeé kà yẹn gan-an ni ì bá kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Mo ní kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ ṣe kolonosikópì, ìyẹn fífi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá.