Tí Ìjọba Bá Gba Ilẹ̀ Yín, Èwo Nínú Ìnáwó Yín Ni Wọ́n Máa San?

Bí ọ̀dà pupa bá ti kan ògiri lẹ́bàá títì ní Òṣogbo, ohun tí àwọn onílé kọ́kọ́ máa ń bi àwa tí à ń díye lé ilé ni pé: "Ṣé wọ́n á san gbogbo owó tí mo ná?" Rárá o.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, abala 29, ló sọ ohun tí wọ́n máa san. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í mú nǹkan gidi wá: iye owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n á fi ṣe ìṣirò. Ẹni tó fi mílíọ̀nù náírà ra pulọ́ọ̀tì lọ́nà Ìkìrun, tí kò tíì kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ló máa rí. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ ni, ṣùgbọ́n òfin náà nìyẹn.

Ti ilé sàn díẹ̀. Wọ́n á ṣírò iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú rẹ̀ báyìí, wọ́n á wá yọ iye tí ogbó ti jẹ kúrò níbẹ̀. Bí owó náà bá pẹ́ kó tó jáde, èlé báńkì gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹ máa béèrè èlé yẹn; àwọn èèyàn kì í béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ra àkúrọ̀, ẹ dúró gbọ́ èyí. Òfin náà dárúkọ owó tí ẹ ná láti fi yanrìn kún ilẹ̀ náà kó tó ṣeé kọ́lé sí, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ni yóò gbà á fún yín. Awakọ̀ típà kì í fúnni ní rìsíìtì, a mọ̀. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín: ọjọ́, iye típà, iye owó, pulọ́ọ̀tì tó já a sí, kó wá buwọ́ lù ú. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì, kí ẹ sì ya fọ́tò ilẹ̀ náà kí yanrìn tó dé.

Owó lóyà, owó sọ́fè, owó ìkẹ́rù, ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kò rí tà nígbà tí ẹ ń kó kúrò, abala 29 kò dárúkọ wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1970 ni òfin ti ní kí wọ́n san owó ìkẹ́rù fún ẹni tí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lé kúrò nílé. Tiwa yàtọ̀, àyàfi tó bá jẹ́ owó Báńkì Àgbáyé ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìlànà tiwọn ni pé kí wọ́n má yọ owó ogbó ilé, kí wọ́n sì ran onílé lọ́wọ́ láti kó lọ. Torí náà, ẹ bi wọ́n léèrè: owó ta ni?

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ àjọni, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó náà fún olórí àwọn tó ni ín. Ẹ ti pinnu bí ẹ ó ṣe pín in kó tó dé.

Bí iye náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo ilẹ̀ àti pípín in ni òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Abala 47 ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó. Abala 44 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì ní ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí lóyà yanjú ìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ka ohun ìní, ẹ wà nílé. Ẹ rí i pé kànga, fẹ́ǹsì, géètì àti ṣáláńgá wọ inú fọ́ọ̀mù kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan.